FCCP kò bàjẹ́: bí aró tó ki jù ṣe fẹ́ ṣì wá lọ́nà nídìí mitokọ́ńdríà

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kejì ni àbúrò tó ń ṣe oyè kejì ní láàbù wa gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí la ti mọ ara wa. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń pẹ́ nídìí máíkírósíkópù di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí. Ó jọ pé mo ti rí i."

Ìlà méjì ló wà lójú kọ̀ǹpútà. Èyí tó jẹ́ búlúù ni ti sẹ́ẹ̀lì awọ ara ẹni tí ara rẹ̀ le. Èyí tó pupa ni ti aláìsàn kan tí àwọn dókítà ń fura sí mitokọ́ńdríà rẹ̀, tó sì ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n bù bíńtín lára awọ apá òun fún ìwádìí. Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára aró tí a fi kun mitokọ́ńdríà inú sẹ́ẹ̀lì ni ìlà méjèèjì ń sọ. Wọ́n rìn gbọọrọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣùgbọ́n níbi tí àbúrò mi ti da oògùn kan tó ń jẹ́ oligomycin sí i, ìlà pupa wálẹ̀. Àbúrò mi kàn fi ìka tọ́ka síbẹ̀ ni, kò sọ̀rọ̀. Èmi náà mọ ohun tí ibẹ̀ yẹn ń wí, bó bá jẹ́ òótọ́. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló sì yẹ ká fi ìròyìn ránṣẹ́ sí dókítà aláìsàn náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ kí n tó máa bá ìtàn lọ. Inú mitokọ́ńdríà ni sẹ́ẹ̀lì ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú agbára tó ń ná. Awọ méjì ló bò ó, ti inú ló sì ṣe pàtàkì sí wa níbí. Bí oúnjẹ àti ọ́síjìn ṣe ń jó níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni awọ inú yìí ń ti prótọ́ọ̀nù síta, tí inú á fi di nẹ́gétíìfù sí ìta. Ìyàtọ̀ tó máa ń wà láàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, èyí tí mo máa pè ní iná awọ, tó nǹkan bíi mílífóòtì 150 sí 180. Bátìrì rédíò kan ṣoṣo jẹ́ 1500, nítorí náà ẹnì kan lè ní kí ni 180 já mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé awọ tó gbé e dúró tín-ín-rín débi pé ojú lásán kò lè rí i láéláé. Prótọ́ọ̀nù tí wọ́n tì síta ń fẹ́ wọlé padà, ọ̀nà tó sì ń gbà wọlé ni ẹ̀rọ kékeré kan tó ń yí bí prótọ́ọ̀nù ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá, tó ń fi yíyí náà ṣe ATP, ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń ná bí owó agbára. Peter Mitchell, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé àlàyé prótọ́ọ̀nù yìí jáde lọ́dún 1961. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà á gbọ́ nígbà náà. Lọ́dún 1978, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀.

Oligomycin máa ń dí ẹ̀rọ ATP yẹn pa. Nínú sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá, bí o bá dí i, prótọ́ọ̀nù kò rí ọ̀nà wọlé mọ́, iná tó wà lára awọ á sì lọ sókè díẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú sẹ́ẹ̀lì tí ibi tó ti ń lo ọ́síjìn ti bàjẹ́, ẹ̀rọ náà lè máa yí sẹ́yìn: á máa jó ATP tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, kí iná awọ má bàa kú. Ẹni tó ní inverter nílé mọ bó ṣe rí. Bí iná ìjọba bá wà, bátìrì ló ń gbà. Bí iná bá lọ, bátìrì ni á máa gbé ilé ró. Nínú irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, bí o bá fi oligomycin dí ẹ̀rọ tó ń yí sẹ́yìn, iná awọ á já wálẹ̀. Ohun tí ìlà pupa ń sọ nìyẹn. Ó ń sọ pé sẹ́ẹ̀lì aláìsàn yìí ń jẹ agbára ara rẹ̀ kó má bàa kú. Ìròyìn tó lágbára ni, tó lè yí ìtọ́jú ènìyàn padà.

Mo wá wo ìlà búlúù. Òun náà wálẹ̀. Kò wálẹ̀ tó ti pupa, ṣùgbọ́n ó wálẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé òkè ló yẹ kó lọ.

Mo tún rí i pé ìlà méjèèjì dúró ní ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún, bẹ́ẹ̀ ìlànà wa ni pé ká da oògùn mìíràn, FCCP, sí i lẹ́yìn náà. Mo bi í pé, "FCCP ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, FCCP yẹn ti bàjẹ́ o. Dípò kí ìmọ́lẹ̀ kú, ńṣe ló ń tàn sí i. Mo ti gé e kúrò. Mo ti ní kí wọ́n bá wa ra òmíràn."

Èsì yẹn ló dá mi dúró. FCCP máa ń gbé prótọ́ọ̀nù gba inú awọ kọjá láìgba ẹnubodè, bí ẹni tó lu ihò sí ìdí garawa. Ó máa ń tú iná awọ dànù pátá. Òun la fi ń parí gbogbo irú iṣẹ́ yìí, kí a lè mọ ibi tí òdo wà. Bí FCCP bá bàjẹ́, kò ní ṣe nǹkan kan; ìlà á kàn máa lọ gbọọrọ ni. FCCP tó ti bàjẹ́ kò lè mú kí ìmọ́lẹ̀ fò sókè. Nǹkan kan ń ṣiṣẹ́ nínú abọ́ yẹn, iṣẹ́ tó sì ń ṣe kọ́ la rò pé ó ń ṣe.

Aró tí a ń lò ni TMRM. Ó jẹ́ ọmọ ìyá rhodamine 123, aró tí Lincoln Johnson, Marcia Walsh àti Lan Bo Chen fi hàn ní Boston lọ́dún 1980 pé ó lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì alààyè lọ jókòó sínú mitokọ́ńdríà láìpa sẹ́ẹ̀lì náà. Kì í ṣe àwọn ló kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀. Leonor Michaelis ti fi aró Janus green kun mitokọ́ńdríà nínú sẹ́ẹ̀lì alààyè láti 1900, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí Carl Benda fún nǹkan náà lórúkọ látinú èdè Gíríìkì: òwú àti wóró. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn, nítorí pé bó ṣe rí gan-an ló pè é. Ìgbà mìíràn á nà bí òwú, ìgbà mìíràn á já sí wóró wóró.

TMRM jẹ́ pósítíìfù, ó sì lè gba inú awọ kọjá. Ibi tó bá jẹ́ nẹ́gétíìfù jù ló máa ń wọ́ lọ. Ní ìwọ̀n ooru ara ènìyàn, mílífóòtì 60 kọ̀ọ̀kan ń mú kó pọ̀ sí i ní ìlọ́po mẹ́wàá. Awọ tó ní mílífóòtì 180 á kó o jọ sínú ní nǹkan bí ìlọ́po 1000. Bí o bá wá fi lésà aláwọ̀ ewé tàn án, á fún ọ ní ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ọsàn. Nígbà náà, ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ túmọ̀ sí iná awọ tó pọ̀, ìmọ́lẹ̀ tó kú túmọ̀ sí iná awọ tó kú. Bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun nìyẹn. Bí èmi náà ṣe sọ ọ́ fún un nìyẹn, mi ò sì sọ ìyókù.

Mo ní, "Jẹ́ ká fi ìlà sílẹ̀. Gbé fídíò fúnra rẹ̀ wá."

Kò tíì fara balẹ̀ wo fídíò náà rí. Ohun tó ṣe ni pé ó yí ìlà ká gbogbo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ó ní kí kọ̀ǹpútà máa ṣírò àpapọ̀ ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀. A pa iná yàrá, a jọ wò ó. Sẹ́ẹ̀lì kan wà láàárín àwòrán, ó nà gbọọrọ bí ewé ọ̀pẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn òwú mitokọ́ńdríà yí núkílíọ́ọ̀sì ká, núkílíọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ihò dúdú roboto láàárín wọn. Àwọn òwú náà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò dán bó ṣe yẹ kó dán. Ó dà bí iná tí èéfín bò. Oligomycin wọlé. Kì í ṣe àwọn òwú ló kọ́kọ́ ṣú, àyíká wọn ni: ìmọ́lẹ̀ tó tú ká sínú omi sẹ́ẹ̀lì ló ń lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ń rọra padà bọ̀. Àbúrò mi mí kanlẹ̀.

FCCP wọlé. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ìmọ́lẹ̀ bú jáde lára àwọn òwú bí ìgbà tí àpò epo bá ya. Ó kún gbogbo sẹ́ẹ̀lì. Ihò dúdú tí í ṣe núkílíọ́ọ̀sì kún fún ìmọ́lẹ̀ débi pé òun gan-an ló wá ń tàn, àwọn òwú sì di ohun tí a kò lè fojú yà sọ́tọ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọra ṣú bí aró ṣe ń jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "FCCP ń ṣiṣẹ́."

Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Gbogbo aró tó wà nínú mitokọ́ńdríà ló tú jáde, bó ṣe yẹ kó rí. Ìbéèrè tó kù ni ìdí tí ìmọ́lẹ̀ fi pọ̀ sí i nígbà tí aró kúrò níbi tó kó jọ sí.

Àwa tí a dàgbà láàárín àwọn aláró ní èrò kan nípa aró tí a kì í yẹ̀ wò. Bí o bá ti ri aṣọ bọ inú ìkòkò aró léraléra, bẹ́ẹ̀ ni á máa dú sí i. Aró kì í pọ̀ jù fún ẹni tó fẹ́ kí aṣọ dú. Aró atànmọ́lẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àwọn ẹyọ rẹ̀ bá sún mọ́ ara wọn jù, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, agbára tí ìkọ̀ọ̀kan gbà lára lésà á di ooru lásán, ìmọ́lẹ̀ kò ní jáde. Nínú mitokọ́ńdríà tí aró kún jù, púpọ̀ nínú aró náà ti yadi. Bí iná awọ bá wá já wálẹ̀, tí aró tú jáde sínú omi sẹ́ẹ̀lì tí àyè wà, ohùn rẹ̀ á padà, ìmọ́lẹ̀ á fò sókè. Bí iná awọ bá lọ sókè, aró púpọ̀ sí i á wọlé lọ yadi, ìmọ́lẹ̀ àpapọ̀ á lọ sílẹ̀. Gbogbo nǹkan á dorí kodò. Ìlà pupa tó wálẹ̀ nígbà tí oligomycin dé, iná awọ tó lọ sókè ló ń sọ. Ìlà búlúù ń sọ ohun kan náà. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ ATP kò yí sẹ́yìn nínú sẹ́ẹ̀lì èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Àwọn kan wà tó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ lo aró tó ki bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó máa ń tètè fi àyípadà hàn. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, bí ènìyàn bá mọ̀ pé ọ̀nà yẹn lòun gbà. Ìlànà tiwa ni nánómólà 25 (òun la fi ń wọn bí aró ṣe ki tó nínú omi), ìwọ̀n tí aró kò tíì fi yadi, kí a sì fi í sílẹ̀ nínú omi abọ́ títí iṣẹ́ á fi parí. Ó dá àbúrò mi lójú pé nánómólà 25 lòun fi sí i. Ó ṣí ìwé rẹ̀ hàn mí: máíkrólítà 1 látinú túùbù máíkrómólà 50, sínú mílílítà 2. Ìṣirò náà pé.

A lọ sí fírísà. Túùbù TMRM méjì ló wà nínú páálí, a fi fọ́ìlì wé àwọn méjèèjì nítorí pé ìmọ́lẹ̀ máa ń ba aró náà jẹ́. Ọtí ìfọwọ́ tí a ń fín sí ọwọ́ àti tábìlì ti fọ lára ohun tí a kọ sí wọn: ọ̀kan ku "TMRM" nìkan, èkejì ku "TM" àti àmì kan tó lè jẹ́ 1, tó sì lè jẹ́ ìfà lásán. Mo tú fọ́ìlì méjèèjì, mo gbé túùbù sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ọ̀kan rí bíi zobo tí wọ́n ti bomi là fún ọmọdé. Èkejì rí bíi zobo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, ó pupa débi pé ojú kò ríran kọjá nínú rẹ̀. Èyí tó pupa ló ti ń lò láti ọ̀sẹ̀ méjì. Mílímólà 1 ni, ìyẹn máíkrómólà 1000, orísun tí a fi ń po ti 50. Máíkrólítà 1 nínú rẹ̀ sínú mílílítà 2 jẹ́ nánómólà 500, ìlọ́po 20 ohun tó rò pé òun ń fún sẹ́ẹ̀lì.

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí, ó ní òun ti fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣòfò. Mo sọ fún un pé ọwọ́ mi ni mo fi kọ nǹkan sí ara túùbù yẹn nínú oṣù Kọkànlá, pẹ̀lú bírò tí mo mọ̀ pé ọtí ń fọ̀. Òtítọ́ ni. Ara mi kò balẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kì í ṣe nítorí aró, bí kò ṣe nítorí pé ó ku ọjọ́ mẹ́rin péré kí a kọ̀wé sí dókítà kan nípa ara ènìyàn kan.

Ọjọ́ Ẹtì la tún un ṣe. A po máíkrómólà 50 tuntun, a fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sára téèpù. Nánómólà 25, ogójì ìṣẹ́jú nínú ooru 37, kí aró lè jókòó dáadáa kí a tó wo ohunkóhun. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn òwú dán yanran, àyíká wọn sì dúdú. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn yọjú. Nínú abọ́ tí a kò da oògùn kankan sí, àwọn òwú bẹ̀rẹ̀ sí í já sí wóró bí a ṣe ń wò wọ́n, nígbà tó fi di ìṣẹ́jú kẹwàá, àwọn kan ti wú bí òrùka. Lésà ni. Aró tó ń gba ìmọ́lẹ̀ máa ń bí ọ́síjìn olóró sínú mitokọ́ńdríà gan-an, níbi tó kó jọ sí. Dmitry Zorov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 2000: wọ́n fi lésà tan TMRM nínú sẹ́ẹ̀lì ọkàn, ọ́síjìn olóró tí ìyẹn dá sílẹ̀ sì mú kí mitokọ́ńdríà fúnra wọn tú púpọ̀ sí i jáde, kí iná wọn tó kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe làwa ń ṣèèṣì ṣe. Àwòrán kan ní ìṣẹ́jú àáyá méjì méjì la ń yà. A sọ ọ́ di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, a sì dín agbára lésà kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Àwòrán náà kò lẹ́wà mọ́, ó rí hóró hóró, ṣùgbọ́n àwọn òwú dúró ní òwú fún ogún ìṣẹ́jú.

Lórí abọ́ tí a ṣe báyìí, oligomycin gbé ìmọ́lẹ̀ sókè díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì méjèèjì. FCCP, láti inú ìgò kan náà tí àbúrò mi ní ó ti bàjẹ́, pa ìmọ́lẹ̀ àwọn òwú títí tí a kò fi rí wọn mọ́.

Ìyàtọ̀ kan ṣì kù. Kí a tó da ohunkóhun sí i, sẹ́ẹ̀lì aláìsàn náà kò mọ́lẹ̀ tó ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Àbúrò mi fẹ́ kọ ọ́ pé iná awọ mitokọ́ńdríà rẹ̀ kéré. Mo ní kó dúró ná. Awọ ìta sẹ́ẹ̀lì náà ní iná tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni TMRM kọ́kọ́ ń gbà wọlé. Bí iná ìta bá kéré, aró tó máa dé inú mitokọ́ńdríà á kéré, bí mitokọ́ńdríà tilẹ̀ wà ní àlàáfíà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan sì wà tó ní ẹnubodè tó máa ń ti irú aró yìí padà síta. Títí a ó fi yẹ àwọn wọ̀nyí wò, ohun tí a rí ni pé ìmọ́lẹ̀ kéré. Ó jiyàn díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò jẹ́ kí n rí nǹkan kan mú délé." Síbẹ̀, ó pa gbólóhùn náà rẹ́ fúnra rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ìròyìn tí a fi ránṣẹ́ sí dókítà kò ju ìlà mẹ́ta lọ. A kọ pé a kò rí àmì pé ẹ̀rọ ATP ń yí sẹ́yìn nínú sẹ́ẹ̀lì náà. A kọ pé ìmọ́lẹ̀ TMRM rẹ̀ kéré sí ti ẹni tí a fi wé e, a kò sì tíì lè sọ ìdí rẹ̀. A kọ pé a ti kó sẹ́ẹ̀lì náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wọn bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń lo ọ́síjìn. Àbúrò mi ló gbé wọn lọ, nínú àpótí yìnyín, pẹ̀lú nọ́ńbà tó fi pẹ́ńsùlù kọ sára abọ́ kọ̀ọ̀kan.